Ìdè pólà kọ́ ni mólékù pólà: ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó béèrè nípa CO₂ àti omi

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò àṣewọlé yunifásítì kọ̀wé sí mi báyìí pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìwé kẹ́mísìrì wa sọ pé ìdè tó wà láàárín kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn jẹ́ pólà, nítorí pé ọ́síjìn ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ju kábọ́ọ̀nù lọ. Nígbà tí mo ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, ìwé kan náà ní CO₂ kì í ṣe mólékù pólà, ṣùgbọ́n omi jẹ́ pólà. Bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ló ní ìdè pólà méjì-méjì. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí n há a sórí bẹ́ẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò ní ìdí? Bí ó bá sì ní ìdí, kí ni kí n ṣe nígbà tí wọ́n bá gbé mólékù tí n kò rí rí síwájú mi?”

Má há a sórí. Ìdí wà, ó sì hàn gbangba ju bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe rò lọ. Nígbà tí èmi náà wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ kan kọ́ wa pé mólékù yòówù tí ọ́síjìn bá ti wà nínú rẹ̀, ó ti di pólà nìyẹn. Mo kọ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, mo sì pàdánù máàkì. Èyí tó dùn mí jù ni pé ó tó ọdún méjì lẹ́yìn náà kí n tó mọ ohun tí mo ṣì. N kò fẹ́ kí ìwọ náà dúró tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó rú ọ lójú ni pé orúkọ kan ṣoṣo, ìyẹn pólà, ni a ń lò fún ohun méjì. À ń sọ ọ́ nípa ìdè tó so átọ́mù méjì pọ̀, a sì tún ń sọ ọ́ nípa odindi mólékù. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìdè, ohun tí à ń béèrè ni pé nínú átọ́mù méjì yìí, èwo ló ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́nù sọ́dọ̀ ara rẹ̀ jù? Tí a bá ń sọ̀rọ̀ mólékù, ohun tí à ń béèrè ni pé nígbà tí a bá kó gbogbo fífà náà pọ̀ mọ́ra, ṣé ó ku ìhà kan tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù pọ̀ sí ju ìhà kejì lọ? Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè kìíní, tó wá rò pé òun ti dáhùn ìkejì, yóò ṣìnà lọ́dọ̀ CO₂, yóò sì ṣìnà lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ mìíràn.

Jẹ́ kí a ti ara ìdè bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí átọ́mù méjì bá jọ ń lo ẹ̀lẹ́kítírọ́nù, wọn kì í sábà pín in ní dọ́gbandọ́gba. Ó dà bí ọmọ méjì tó ń jẹun nínú abọ́ kan: àárín ni a gbé abọ́ sí, ṣùgbọ́n èyí tí ọwọ́ rẹ̀ le yóò máa fà á mọ́ra díẹ̀díẹ̀, láìgbà á tán lọ́wọ́ èkejì. Linus Pauling, onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe òṣùwọ̀n fún agbára ìfà yìí ní ọdún 1932, òun sì ni ìwé rẹ ń pè ní electronegativity. Lórí òṣùwọ̀n náà bí a ṣe ń lò ó lónìí, háídírójìn ní 2.20, kábọ́ọ̀nù ní 2.55, náítírójìn ní 3.04, kúlórínì ní 3.16, ọ́síjìn ní 3.44, fúlórínì tó lágbára jù nínú gbogbo wọn sì ní 3.98. Yọ 2.20 kúrò nínú 3.44, ìwọ yóò rí i pé ìyàtọ̀ háídírójìn sí ọ́síjìn jẹ́ 1.24. Ti kábọ́ọ̀nù sí ọ́síjìn jẹ́ 0.89, ti kábọ́ọ̀nù sí háídírójìn kò sì ju 0.35 lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń ka ìdè O–H àti C=O sí pólà, tí a sì máa ń gbójú fo C–H. Àwọn ìwé kan á ní bí ìyàtọ̀ bá ti kọjá 0.4, ìdè ti di pólà. Àwọn mìíràn á ní 0.5. Má jẹ́ kí èyí dààmú rẹ. Ńṣe ni agbára ìfà ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kò sí ibì kan tí ó ti já lójijì, àwa tí à ń kọ́ni la fi ààlà síbẹ̀ kí iṣẹ́ lè rọrùn.

Apá tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù sún mọ́ yóò di nẹ́gẹ́tíìfù díẹ̀, a ó fi àmì δ− sí i. Apá tí ó sún kúrò yóò di pọ́sítíìfù díẹ̀, a ó fi δ+ sí i. Di ọ̀rọ̀ náà “díẹ̀” mú ṣinṣin. A kò gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pátápátá bíi ti iyọ̀ ọbẹ̀, níbi tí sódíọ́mù ti yọ̀ǹda tirẹ̀ fún kúlórínì. Ìdè pólà kan dà bí bátìrì kékeré kan tó ní orí pọ́sítíìfù àti ìdí nẹ́gẹ́tíìfù, tí agbára rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ibi tí mo ń bọ̀ wá rèé. Fífà kan ní ohun méjì nínú: bí ó ṣe le tó, àti ibi tí ó kọjú sí. Nọ́ńbà electronegativity sọ ti àkọ́kọ́ fún ọ, kò sì sọ nǹkan kan nípa èkejì. Ronú nípa màlúù tí wọ́n ń fà bọ̀ láti ọjà, tí wọ́n so okùn méjì mọ́ ìwo rẹ̀, tí géńdé kan sì di okùn kọ̀ọ̀kan mú. Bí géńdé kan bá dúró sí ọ̀tún gan-an, tí èkejì dúró sí òsì gan-an, tí agbára wọn sì dọ́gba, wọn ì báà fà á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, màlúù náà kò ní kúrò lójú kan. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò fà. Okùn méjèèjì le gan-an. Fífà ti ọ̀tún ló pa fífà ti òsì rẹ́. Jẹ́ kí àwọn géńdé kan náà wá bọ́ síwájú, kí ọ̀kan máa fà á gba ọ̀tún iwájú, kí èkejì máa fà á gba òsì iwájú: màlúù yóò rìn, ọ̀kánkán iwájú láàárín àwọn méjèèjì ni yóò sì máa bọ̀. Agbára wọn kò yí padà, okùn wọn kò gùn sí i. Ibi tí wọ́n dúró sí nìkan ló yí padà.

CO₂ ni màlúù tí kò kúrò lójú kan. Kábọ́ọ̀nù wà láàárín, ọ́síjìn kan wà ní ọ̀tún, ọ̀kan wà ní òsì, igun tó wà láàárín ìdè méjèèjì sì jẹ́ 180°, ìyẹn ni pé àwọn átọ́mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò lórí ìlà kan tó gún régé. Ọ́síjìn ọ̀tún ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́nù sí ọ̀tún, ti òsì ń fà á sí òsì, agbára wọn dọ́gba délẹ̀délẹ̀ nítorí átọ́mù kan náà ni wọ́n, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òfo. Nínú omi, ọ́síjìn ló bọ́ sí àárín, háídírójìn méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà fífà ń wọlé bọ̀ sọ́dọ̀ ọ́síjìn dípò kí ó máa jáde. Ṣùgbọ́n igun tó wà láàárín ìdè méjèèjì jẹ́ 104.5°. Mólékù náà tẹ̀. Háídírójìn méjèèjì bọ́ sí ìhà kan, ọ́síjìn wà ní ìhà kejì, fífà méjèèjì sì ran ara wọn lọ́wọ́ dípò kí wọ́n pa ara wọn rẹ́. Bí omi bá tò gbọọrọ bíi CO₂ ni, kì bá tí jẹ́ pólà, bí ìdè O–H ì báà tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé ìwọ yóò bi mí ní báyìí pé kí ló tẹ omi, tí kò tẹ CO₂. Ìbéèrè tó tọ́ ni, òun gan-an sì ni àwọn ọmọ kì í béèrè. Ọ́síjìn ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nù mẹ́fà ní ìpele òde rẹ̀. Nínú omi, ó fi méjì ṣe ìdè pẹ̀lú háídírójìn méjì, mẹ́rin ṣẹ́kù, àwọn mẹ́rin yìí sì jókòó ní méjì-méjì láìbá átọ́mù kankan ṣe ìdè. Jẹ́ ká pe ìsọ̀rí méjì-méjì yìí ní àdáwà. Àdáwà kò ní átọ́mù lórí, nítorí náà o kì í rí i nínú àwòrán tí o bá kàn kọ H–O–H sórí pátákó, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè, àyè tó ń gbà sì tóbi ju ti ìdè lọ. Lọ ra fèrè onírọ́bà mẹ́rin, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fẹ́, fẹ́ wọn kí wọ́n tóbi dọ́gba, kí o sì so wọ́n pọ̀ ní ọrùn. Wọn kò ní tò lórí ilẹ̀ bí àgbélébùú. Ńṣe ni wọn yóò ti ara wọn títí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi kọjú sí igun tirẹ̀, tí igun láàárín èyíkéyìí méjì yóò sì jẹ́ 109.5°. Ìsọ̀rí mẹ́rin tó yí ọ́síjìn omi ká náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ìdè méjì, àdáwà méjì. Nítorí pé àdáwà gbòòrò, ó ti ìdè méjèèjì sún mọ́ ara wọn díẹ̀, 109.5° sì di 104.5°. Nínú CO₂, kábọ́ọ̀nù fi gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ́nù mẹ́rin òde rẹ̀ ṣe ìdè oníméjì sí ọ̀tún àti sí òsì, kò ku àdáwà kankan lára rẹ̀, ìdè oníméjì kọ̀ọ̀kan sì ń gba àyè bí ìsọ̀rí kan ṣoṣo, nítorí náà fèrè méjì péré tí a so pọ̀ ni: ọ̀kan á kọjú síhìn-ín, èkejì á kọjú sọ́hùn-ún. Ronald Gillespie àti Ronald Nyholm ló to èrò yìí sí ọ̀nà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà kọ́ ọ títí dòní, ní ọdún 1957.

Bóyá ìwọ yóò ní, “Sà, àwòrán lásán ni gbogbo èyí, ta ló ti fojú rí i?” Ó dára. A lè wọ̀n ọ́n. Bí o bá fi gáàsì kan sáàárín pátákó irin méjì tí a so mọ́ iná mànàmáná, mólékù rẹ̀ tó bá ní orí àti ìdí yóò gbìyànjú láti yí padà, kí apá nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ lè kọjú sí irin pọ́sítíìfù. Yíyí tí wọ́n bá yí ń mú kí irin méjèèjì lè gba iná sí i. Bí o bá wá mú kí gáàsì náà gbóná, ìgbóná yóò máa gbọ̀n wọ́n, yíyí náà yóò dín kù, láti inú bí ó ṣe ń dín kù yẹn ni a sì ti ń ṣírò bí mólékù náà ṣe pólà tó. Peter Debye, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un ní Ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísìrì ní ọdún 1936. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe òṣùwọ̀n dipole moment, ìyẹn bí mólékù ṣe pólà tó, títí di òní: D. Omi jẹ́ 1.85 D. CO₂ jẹ́ 0. Òfo yìí gan-an wà lára ẹ̀rí tó fi hàn pé CO₂ gún régé, nítorí bí ó bá tẹ̀ ni, irin méjèèjì ì bá ti sọ fún wa.

Jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan kí o lè fọwọ́ ara rẹ bà á. Ìdajì igun omi jẹ́ 52.25°, cosine rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 0.612. Bí ìdè O–H kọ̀ọ̀kan bá ń fà tó 1.51 D, àpapọ̀ wọn lórí ìlà àárín yóò jẹ́ 2 × 1.51 × 0.612, èyí tó jẹ́ 1.85 D. Wá fi 90° rọ́pò 52.25°, bí ẹni pé omi gún régé. Cosine 90° jẹ́ òfo, gbogbo rẹ̀ sì di òfo, bó ti wù kí ìdè náà le tó. Igun ló pa á.

Nígbà tí wọ́n bá wá gbé mólékù tí o kò rí rí síwájú rẹ, má sáré wo electronegativity. Kọ́kọ́ ka ẹ̀lẹ́kítírọ́nù òde átọ́mù tó wà láàárín, kí o mọ iye ìdè àti iye àdáwà tó yí i ká. Èyí ni yóò fi ìrísí mólékù náà hàn ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí o wá fi ọfà kékeré sí orí ìdè kọ̀ọ̀kan, kí orí ọfà kọjú sí átọ́mù tó ń fà jù, kí o sì bi ara rẹ bóyá ọfà wọ̀nyí pa ara wọn rẹ́ tán. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló ń gba máàkì.

Wo olómi méjì tí ìwé máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, CCl₄ àti CHCl₃. Nínú CCl₄, kúlórínì mẹ́rin kọjú sí igun mẹ́rin bí fèrè mẹ́rin yẹn. Ìdè C–Cl kọ̀ọ̀kan jẹ́ pólà, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.61, síbẹ̀ dipole moment mólékù náà jẹ́ 0, nítorí pé àpapọ̀ fífà mẹ́ta ìsàlẹ̀ dọ́gba gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ẹyọ kan tó wà lókè. Mú kúlórínì kan kúrò, fi háídírójìn sí ipò rẹ̀, ó di CHCl₃, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí chloroform. Géńdé kan ti fi okùn sílẹ̀. Mólékù náà di pólà, ó sì jẹ́ 1.04 D.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni NH₃ àti NF₃, nítorí pé ó máa ń tú àṣírí ẹni tó ń há nǹkan sórí. Ìrísí wọn jọra: náítírójìn wà lókè, átọ́mù mẹ́ta wà nísàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ ààrò mẹ́ta, àdáwà kan sì jókòó lórí náítírójìn. Ìyàtọ̀ electronegativity N–H jẹ́ 0.84, ti N–F jẹ́ 0.94. Bí a bá fi nọ́ńbà nìkan dájọ́, NF₃ ló yẹ kí ó pólà jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n, NH₃ jẹ́ 1.47 D, NF₃ kò sì ju 0.23 D lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀? Nínú NH₃, náítírójìn ló lágbára ju háídírójìn lọ, nítorí náà ọfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gòkè bọ̀ sọ́dọ̀ náítírójìn. Àdáwà tó wà lórí náítírójìn náà sì jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, òkè kan náà ni òun náà ń fà sí. Gbogbo wọn ń fa màlúù gba ọ̀nà kan. Nínú NF₃, fúlórínì ló lágbára ju náítírójìn lọ, ọfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sísàlẹ̀, àdáwà nìkan ló kọjú sókè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n rẹ́ tán. Ẹni tó bá gbàgbé àdáwà kò lè ṣàlàyé èyí láéláé.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, fọ́múlà kan náà lè jẹ́ pólà, kí ó sì tún má jẹ́ pólà. C₂H₂Cl₂ tí kábọ́ọ̀nù méjì rẹ̀ fi ìdè oníméjì so mọ́ ara wọn kò lè yí bírí, nítorí ìdè oníméjì kì í jẹ́ kí ó yí. Bí kúlórínì méjèèjì bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, à ń pè é ní cis, ó jẹ́ nǹkan bí 1.9 D, ó sì ń hó ní nǹkan bí 60 °C. Bí wọ́n bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, à ń pè é ní trans, ó jẹ́ 0, ó sì ń hó ní nǹkan bí 48 °C. Átọ́mù kan náà, iye kan náà, ìdè kan náà. Olómi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Èyí mú wa dé ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà lórí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Mólékù pólà máa ń di ara wọn mú, orí ọ̀kan mọ́ ìdí èkejì. Gáàsì CH₄ àti omi fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà, ọ̀kan jẹ́ 16, èkejì jẹ́ 18. Ṣùgbọ́n CH₄ ń hó ní −162 °C, omi sì ń hó ní 100 °C. N kò ní tàn ọ́ pé pólà nìkan ló fa gbogbo ìyàtọ̀ yìí. H₂S náà tẹ̀, ó sì jẹ́ pólà, síbẹ̀ −60 °C ló ti ń hó. Omi ní ohun kan tí ó ju ti pólà lásán lọ: háídírójìn rẹ̀ tí ọ́síjìn ti bọ́ láṣọ tán máa ń rọ̀ mọ́ àdáwà mólékù omi mìíràn, òun ni à ń pè ní ìdè háídírójìn, ó sì lágbára ju dídìmú pólà lásán lọ fíìfíì.

Fún ohun tí o lè fi ojú rẹ rí lónìí, lọ sí ibi ìfọbọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Mú ike kan tí wọ́n bu ọbẹ̀ elépo pupa sí, kí o sì fi omi lásán ṣàn án. Omi á máa yí gbiri lójú ike náà ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, kò ní tẹ́ sílẹ̀, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn á sì wà níbẹ̀. Fi àwo tánganran tàbí abọ́ onírin wé e: ti ike ló ń pẹ́ jù kí ó tó lọ. Ohun tó ń fún epo pupa ní àwọ̀ ni carotene, mólékù gígùn kan tó jẹ́ C₄₀H₅₆, kò sí ọ́síjìn kankan nínú rẹ̀, kò sì jẹ́ pólà. Ike náà, kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn ni púpọ̀ nínú irú rẹ̀ tí à ń lò nílé, kò jẹ́ pólà bákan náà. Carotene rí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó wọ inú rẹ̀ lọ. Wá fi òróró díẹ̀ pa ibẹ̀, kí o rọra fi ìwé ìnuwọ́ nù ún, ìwọ yóò rí i pé àwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, nítorí òróró náà kì í ṣe pólà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní omi “kórìíra” epo. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Mólékù omi àti mólékù epo ń fa ara wọn díẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn mólékù omi ti di ara wọn mú tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi ní já ọwọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ohun tó tó èyí láti fi di àwọn náà mú. Epo kàn ń bọ́ síta láàárín wọn ni. Ọṣẹ ló ń bá wọn làjà. Àwọn ìyá wa tó ń se ọṣẹ dúdú ń fi eérú èèpo kókó tàbí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ se àdín, èròjà inú eérú náà sì ń já mólékù àdín sí wẹ́wẹ́, títí yóò fi di ohun tó ní orí àti ìrù. Orí rẹ̀ ní agbára iná nẹ́gẹ́tíìfù, omi sì ń gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìrù rẹ̀ jẹ́ kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn gbọọrọ, inú epo ló sì ń wọ̀. Nígbà tí o bá ń fi kànrìnkàn fọ ike yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìrù ti wọ inú ẹ̀kán epo kọ̀ọ̀kan, orí wọn kọjú síta, omi sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ọtí líle náà ní apá méjì bẹ́ẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ìrù tirẹ̀ kúrú: ìdí nìyí tí ohun tí ògógóró ń fà jáde lára egbò igi kò fi bá èyí tí omi ń fà jáde dọ́gba, àwọn oníṣègùn wa sì ti mọ èyí tipẹ́, wọ́n mọ àgbo tí à ń fi omi rẹ àti èyí tí à ń fi ọtí rẹ.

Àṣìṣe méjì kan wà tí mo fẹ́ kí o yẹra fún. Èkíní ni pé kí o máa rò pé mólékù tí kì í ṣe pólà kò lè di ara rẹ̀ mú. Àbẹ́là tí à ń tàn nígbà tí iná bá lọ kì í ṣe pólà rárá, síbẹ̀ ó le gbagidi nínú yàrá. HCl jẹ́ pólà, ó sì jẹ́ gáàsì nínú yàrá kan náà. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù inú mólékù kì í dúró sójú kan, wọ́n máa ń ṣù sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó nǹkan, mólékù tó gùn bíi ti àbẹ́là sì ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nù púpọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí àpapọ̀ rẹ̀ fi lágbára. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ fi pólà ṣàlàyé ìwọ̀n ooru tí nǹkan ń hó, fi mólékù tí ìwọ̀n wọn sún mọ́ ara wọn wé ara wọn, bí mo ti ṣe pẹ̀lú omi àti CH₄.

Èkejì ni ìdánwò òòyà. Ní àkókò ọyẹ́, bí o bá fi òòyà oníke ya irun tó gbẹ, tí o sì gbé òòyà náà sún mọ́ omi tó ń dà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹnu ẹ̀rọ, omi náà yóò tẹ̀ sọ́dọ̀ òòyà. Ó dùn-ún wò, mo sì gbà kí o ṣe é. Ọ̀pọ̀ ìwé á ní ẹ̀rí nìyẹn pé omi jẹ́ pólà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná tó wà lára òòyà ń fa iná òdìkejì rẹ̀ wá sínú omi tó ń jáde, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan sì ń gbé tirẹ̀ dání bọ́ sílẹ̀. Èyí ló ń tẹ̀ ẹ́ jù. Àwọn tó dán an wò pẹ̀lú olómi tí kì í ṣe pólà ti rí i pé òun náà lè tẹ̀. Ẹ̀rí tó dúró ni ti irin méjì Debye.

Ní báyìí, gbé SO₂ síwájú ara rẹ, nítorí fọ́múlà rẹ̀ jọ ti CO₂ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi máa ń kọ pé òun náà kì í ṣe pólà. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 1.63 D. Láti ara nọ́ńbà yìí nìkan, kí o tó wo ìwé kankan, o ti lè sọ pé kò gún régé. Wá ka ẹ̀lẹ́kítírọ́nù òde súfúrù: mẹ́fà ni, kì í ṣe mẹ́rin bíi ti kábọ́ọ̀nù. Fi wọ́n ṣe ìdè oníméjì sí ọ́síjìn méjèèjì, kí o wo iye tó ṣẹ́kù. Ìwọ yóò bá àdáwà kan níbẹ̀, tó jókòó lórí súfúrù, tó ń ti ọ́síjìn méjèèjì sí ìhà kan.